Bí Mo Ṣe Bá Ìyá Mi Ná Yunifásítì Bí Ẹni Ná Ìkòkò

Ní ilé wa, kò sí ẹni tó máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́. Kì í ṣe pé a jẹ́ èké o. Ìyá mi ń ta ìkòkò, abọ́, kúlà àti gbogbo ohun èlò ilé ìdáná ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n sì tó bí mi ló ti wà nídìí rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó mọ̀wé kà ni pé, bí o bá dé ṣọ́ọ̀bù tí o rí ohun tó wù ọ́, má wò ó. Òmíràn ni kí o kọ́kọ́ béèrè. Mú un, yí i síhìn-ín, yí i sọ́hùn-ún, sọ pé ìdérí rẹ̀ fúyẹ́. Ìgbà tí o bá ti kẹ̀yìn bí ẹni tó ń lọ ni kí o tó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí èyí tó wù ọ́ gan-an, bí ẹni pé ó kàn dí ọ lọ́nà ni, kí o ní, "Èyí ńkọ́?" Mo ti rí i tí ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó, níbi tó ti ń lọ kó ọjà, tó fi jẹ́ pé bí mo bá gbọ́ tó ń yin nǹkan, mo ti mọ̀ pé kò ní rà á. Èyí tó bá bú, a ó bá a délé.

Bàbá mi nìkan ni kò ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí lára. Olùkọ́ ilé kéwú ni, Ààfáà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Ààfáà náà ni ìyá mi ń pè é. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta iṣu, tí onítọ̀hún dá iye kan lé e, bàbá mi á san án láìjiyàn, á sì tún ṣàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Iṣu mẹ́ta ló máa gbé wálé níbi tí ìyá mi ti lè gbé márùn-ún. Nígbà tó yá, ìyá mi fi òfin dè é pé kó má yà lọ́jà mọ́, àfi bó bá jẹ́ búrẹ́dì.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ti bá iṣẹ́ lọ, ọ̀kan sí Abẹ́òkúta, èkejì sí Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti jáde ilé-ìwé lọ́sàn-án, ṣọ́ọ̀bù ni mo ń gbà lọ tààrà. Màá bọ́ bàtà, màá wọ sílípáàsì tí mo máa ń fi sábẹ́ tábìlì, ìyá mi á bu oúnjẹ fún mi sínú abọ́ tí a kò tíì tà, a ó sì jọ máa ṣe òfófó àwọn oníbàárà títí di ìrọ̀lẹ́. Àwa méjèèjì mọ ìyàwó tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wá kí i nípa irú ìkòkò tó wá rà. Mo fẹ́ràn ayé yẹn gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìyà ló fẹ́ lé mi kúrò nílé.

Nígbà tó wá di ọdún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àbáwọlé sí yunifásítì, kò sí ẹni tó bá mi jiyàn lórí ohun tí mo fẹ́ kà. Ìmọ̀ òwò ni. Ìyá mi kàn béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ọdún mẹ́rin kọ́ mi nípa òwò tí òun ò tíì kọ́ mi, bàbá mi ní ìmọ̀ kì í pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ibi tí màá ti kà á ni wàhálà wà. Yunifásítì mẹ́ta ni mo ní níwájú. Ìjagun wà nítòsí, kéke kan ṣoṣo ló máa gbé ọ dé ẹnu géètì, wàá sì tún padà wá jẹun ọ̀sán nílé. Ìlọrin jìnnà, ó ku díẹ̀ kó jẹ́ ọ̀nà ọjọ́ kan lójú wa. Èkó wà láàárín, kò jìnnà, kò sì súnmọ́ débi tí èèyàn á fi máa sùn sílé.

Èkó ni mo fẹ́. Olùkọ́ wa ló kó àwa mẹ́fà lọ sí yunifásítì kan níbẹ̀ fún ìdíje ìmọ̀ láàárín àwọn ilé-ìwé. Wọ́n na wá ní ìpele àkọ́kọ́, a ò tilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń pín omi. Bí a ṣe ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé wa padà, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣí sílẹ̀ nítorí ooru. Ọmọbìnrin kan dìde láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń gbìyànjú láti ṣàlàyé ìdí tí àwọn tó ń ta ohun kan náà fi máa ń jókòó síbì kan náà lọ́jà, nígbà tó jẹ́ pé oníbàárà ara wọn ni wọ́n ń gbà. Ó sọ ọ́ títí, kò yéni. Olùkọ́ wọn bi í pé ṣé ó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn olùtajà fúnra wọn rí. Èmi tí mo dúró síta pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé, mo mọ ìdáhùn. Ìyá mi ti sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà. Ọwọ́ mi ti ń gòkè kí olùkọ́ wa tó fa etí mi pé ọkọ̀ ti dé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ ọlọ́jà, ṣé màá wá là á mọ́lẹ̀ fún ìyá mi pé Èkó ni mo fẹ́? Ìyẹn ni pé mo ti dá iye tí mo lè san gan-an kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Mo mọ̀ pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, á fà mí títí á fi fà mí dé Ìjagun. Mo wá ṣe ìṣirò tèmi. Màá bẹ̀rẹ̀ láti Ìlọrin. Á ní háà, ó ti jìnnà jù. Èmi náà á jọ̀wọ́ díẹ̀, òun náà á jọ̀wọ́ díẹ̀, a ó sì pàdé ní Èkó. Mo gbóríyìn fún ara mi. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń rìn kiri bí ẹni tó ti gbọ́n jù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi ń fi aṣọ nu ìkòkò àlúmíníọ̀mù ńlá kan. Mo jókòó sórí àpótí, mo sì sọ ọ́ bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí.

"Màámi, mo ti rò ó. Ìlọrin ni mo fẹ́ lọ."

Ó yí ìkòkò náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìdí rẹ̀. Ó ní Ìlọrin dára. Ó ní ìlú Mùsùlùmí ni, ibẹ̀ ni bàbá mi ti kéwú nígbà èwe rẹ̀. Ó wá ní kí n bá òun na ọwọ́ mú ìdérí tó wà lókè.

Mo na ọwọ́, mo mú ìdérí fún un. Mo ti gbàgbé ẹni tó kọ́ mi. Bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ohun tí ìyá mi ṣe fún mi ni ohun tó máa ń ṣe bí òǹtajà bá dá owó tí kò bójú mu lé nǹkan. Kì í jà. Á ní ó dára, á dúpẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀, kí òǹtajà lè pè é padà. Ó ń retí kí n pè é padà ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Ìgbéraga kò jẹ́ kí n pè é, òun náà kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ohun tí èmi àti ìyá mi kò fi sínú ìṣirò ni bàbá mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gbọ́. Ó ń ṣe àlùwàlá, kẹ́tù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá mi sì sọ fún un pé ọmọ rẹ ní Ìlọrin lòun fẹ́ lọ o. Bàbá mi gbé kẹ́tù sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní láti bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá náà látorí ọwọ́ fífọ̀, nítorí kò rántí ibi tó bá a dé mọ́. Bí wọ́n ṣe kírun tán ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn: agboolé tí ó gbé, olùkọ́ rẹ̀ tí kì í fi ẹgba na ọmọ, wàrà tí wọ́n máa ń rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní láàárọ̀, òtútù ọyẹ́ tó máa ń la ètè. Èmi tí mo rò pé mo mọ gbogbo ìtàn bàbá mi, mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé kúbùsù nípọn kan jáde láti inú àpótí, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo ilé. Ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sá a sórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé, ó ní ọyẹ́ Ìlọrin kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kéwú lórí fóònù, pé ọmọ òun obìnrin ń bọ̀, pé kó bá òun wá yàrá sí ìtòsí ilé rẹ̀. Ìdánwò kò tíì dé, fọ́ọ̀mù kò tíì dé, bàbá mi ti fi mí wọ̀ sí yàrá. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí ẹ̀yìnkùlé ni mò ń rí kúbùsù yẹn. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ìyá mi náà kò jókòó tẹtẹrẹ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n bá òun gbé kúlà méjì lọ fún oníbàárà òun kan tó ń se oúnjẹ tà nítòsí yunifásítì tó wà ní Ìjagun. A kì í gbé ọjà lọ bá oníbàárà. Oníbàárà ló ń wá bá wa. Mo wo ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, a sì wọ kéke.

A gbé kúlà fún obìnrin náà tán, ìyá mi ní kí a na ẹsẹ̀ díẹ̀. A wọ inú ọgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ, wọ́n ń bọ̀, àwọn kan jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń ka ìwé sókè fún ara wọn. Atẹ́gùn ń fẹ́. Ìyá mi ní oòrùn ibẹ̀ pọ̀ jù. Ó ní àwọn ilé náà jìnnà síra wọn, ẹsẹ̀ èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó ní ta ló tún kun ilé yìí báyìí. Ó béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ òwò, ó sì dúró níwájú ilé náà pẹ́, ó ń wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní fèrèsé rẹ̀ kéré. Nígbà tí a fi máa wọ kéke padà, ó ti bú gbogbo nǹkan tó wà nínú ọgbà náà, àfi iyanrìn nìkan. Ìgbà náà ni mo mọ̀. Ìyá mi fẹ́ Ìjagun. Ó fẹ́ ẹ gan-an ni.

Èmi ńkọ́? Mo ní, "Ó dára o, Màámi. Ibẹ̀ tutù lójú." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rí i tó kọjú sí ọ̀nà. Ó mọ ohun tí ìyìn túmọ̀ sí nínú ìdílé wa.

Báyìí la ṣe wà títí fọ́ọ̀mù fi dé. Ìyá mi ń yin Ìlọrin, tí kò fẹ́. Èmi ń yin Ìlọrin, tí mi ò fẹ́. Bàbá mi nìkan ló ń yìn ín tinútinú. Ká ní kò sí ọgbọ́n orí kankan nínú ilé yẹn ni, à bá ti mọ ohun tí oníkálukú fẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni bàbá mi ní òun á bá mi lọ sí ilé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ kọ fọ́ọ̀mù sórí ẹ̀rọ. Ó wọ agbádá funfun tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Obìnrin tó ni ibẹ̀ kọ orúkọ mi, ó kọ ọjọ́ ìbí mi, ó wá béèrè pé ilé-ìwé wo la fi ṣe àkọ́kọ́. Kí n tó la ẹnu, bàbá mi ti ní "Ìlọrin." Ó sọ ọ́ sókè, àwọn tó jókòó sídìí ẹ̀rọ yòókù bojú wẹ̀yìn. Obìnrin náà ń tẹ̀ ẹ́. Mo rí i tí lẹ́tà ń jáde lójú ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní háà, mo ti gbàgbé ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi sí nílé.

Ìwé náà wà nínú báàgì mi. Etí rẹ̀ yọ síta. Bàbá mi wò ó, ó wò mí. Ó bẹ obìnrin náà pé kó má bínú, a ó padà wá, ó ṣàdúrà fún un, a sì jáde.

A dúró sábẹ́ ìbòjì ṣọ́ọ̀bù kan tí wọn ò tíì ṣí. Ó béèrè pé kí ló dé. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó fún un, látorí Èkó, dórí ọmọbìnrin tó dìde ní kíláàsì, dórí bí mo ṣe fẹ́ ná an láti òkè wá sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní ọmọ ìyá rẹ ni ẹ́ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, tó fi lọ tán. Ó wo ilẹ̀.

"Èmi ò bá ọ ná nǹkan kan," ó ní. "Kí ló dé tí o fi tà á fún èmi náà?"

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ìyá mi ni mo sọ ọ́ sí, orí bàbá mi ló bà. Mo rántí bó ṣe pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, bó ṣe ń sọ fún àwọn èèyàn ní mọ́sáláṣí, ojú sì tì mí dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, ní gbangba, pẹ̀lú hìjáàbù mi tí mo lọ̀ dáadáa. Bàbá mi jẹ́ kí n sun ún díẹ̀. Ó wá ní ó tó, pé òun á pe ọ̀rẹ́ òun, pé ọ̀rẹ́ òun náà lọ́mọ, á yé e. Ó ní òjò Èkó náà máa ń tutù, kúbùsù kò lè ṣòfò. Lẹ́yìn náà ló ní kí a máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí n lọ sọ fún ìyá mi bí mo ṣe sọ fún òun, kí n má fi kún un, kí n má sì yọ níbẹ̀.

Oníbàárà kan wà lọ́dọ̀ ìyá mi nígbà tí a débẹ̀, ó ń ra fíláàsì. A dúró títí ó fi lọ. Mo sọ ọ́.

"Màámi, Èkó ni mo fẹ́. Èkó ni mo ti fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ìyá mi mú aṣọ ìnukòkò. Ó ní Èkó ò burú. Ó ní Ìlọrin náà ò burú, èyí tó bá wù mí ni kí n mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń nu abọ́ tí kò dọ̀tí. Mo mọ̀ pé ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ ni, kí n lè pè é padà. Bàbá mi, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ló sọ̀rọ̀.

"Ìwọ náà, sọ tìrẹ."

Ìyá mi béèrè pé tòun bíi ti báwo. Bàbá mi ní ohun tí ó fẹ́ ni kó sọ, kì í ṣe ohun tó dára, kì í ṣe ohun tí kò burú. Ìyá mi kẹ̀yìn sí wa. Ó ń to àwọn ìgbakọ tí a ti tò láàárọ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, èdè Ìjẹ̀bú ìyá rẹ̀ ló fi sọ ọ́, èyí tó jẹ́ pé àfi bí ara rẹ̀ ò bá yá tàbí bí nǹkan bá dùn ún gan-an la máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí lọ́nà tí gbogbo èèyàn á fi gbọ́ ọ.

"Mi ò fẹ́ kó lọ ibì kankan. Ìjagun ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kó máa ti ibẹ̀ wálé lójoojúmọ́."

Àwọn ìgbakọ ló ń sọ ọ́ fún. Ó ní kì í ṣe nítorí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, òun lè wá ẹni tó máa ran òun lọ́wọ́ lọ́la bí òun bá fẹ́. Ó ní ta ni òun fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Ohùn rẹ̀ yí padà níbẹ̀, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ kí ìyá mi sọ pé òun fẹ́ nǹkan rí. Ó dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó má sunkún, màá lọ sí Ìjagun. Òótọ́ inú mi sì ni mo sọ. Ká ní ó ní ó dáa nígbà náà ni, ǹ bá ti lọ síbẹ̀.

Ó yíjú padà. Ó ní, "Rárá. Ẹni tó bá fi àánú ra ọjà lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ ọ́n. Kì í padà wá mọ́." Ó ní kí gbogbo wa jẹ́ kí òun sinmi di ọjọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ní ìkọ́kọrẹ́ la máa jẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lọ́kàn ìyá mi, ìkọ́kọrẹ́ ló máa ń sè, nítorí ewùrà rírin máa ń gba àkókò, kò sì sí ẹni tó lè máa bi í ní ìbéèrè nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń yún un. Mo jókòó tì í, mò ń bó ewùrà. Ó rin ín títí, ó wá bi mí pé kí ni mo rí gan-an ní Èkó yẹn tó wọ̀ mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún un nípa yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ náà, àti ìbéèrè tí wọ́n ń wá ìdáhùn sí. Ó dá iṣẹ́ dúró. Ó ní ṣé ọ̀rọ̀ àwọn ni wọ́n ń sọ ní yunifásítì, àwọn tó ń jókòó síbì kan náà lọ́jà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè ohun tí ọmọbìnrin náà fi dáhùn, mo sọ ọ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀ mọ, ó sì yọ ṣùtì sí i. Ó ní ìyẹn kọ́. Ó ní bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń ta ìkòkò ládùúgbò, oníbàárà á rò pé kò sí òmíràn láti fi wé e, á wò ó, á lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ mẹ́wàá, á mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń ra ìkòkò nìyí, kò ní lọ lọ́wọ́ òfo, bí kò bá rà lọ́wọ́ òun lónìí, á rà lọ́la. Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ó ní kí ló dé tí mi ò sọ ọ́? Mo ní èmi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, ta ló fẹ́ gbọ́ tèmi.

Ó gbé ewùrà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Wọn ò mọ̀ ọ́n. Pẹ̀lú gbogbo ìwé yẹn, wọn ò mọ̀ ọ́n." Kò dàbí ẹni pé èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi ẹja yíyan sí omi gbígbóná, a sì padà sídìí iṣẹ́. Ìkọ́kọrẹ́ ọjọ́ náà dùn. Bàbá mi bu ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ajé, ìyá mi kò ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Èmi àti òun la jọ lọ sí ilé kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà rántí mi, ó béèrè pé ṣé mo ti rí ìwé nọ́ńbà mi, mo sì fún un. Ó ní ilé-ìwé wo la fi ṣe àkọ́kọ́, ṣé Ìlọrin ṣì ni.

Mo kọjú sí ìyá mi. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ìyá mi ló máa sọ ohun tó bá máa sọ. Bó bá sọ Ìjagun, mo ti pinnu pé mi ò ní bínú.

Ìyá mi ní, "Èkó ni."

Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Ó ní èkejì ńkọ́. Ìyá mi ní kó kọ Èkó síbẹ̀ náà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ kò ní gbà á bẹ́ẹ̀. A fi Ìjagun sí ipò kejì, a fi Ìlọrin sí ẹ̀kẹta nítorí bàbá mi. Ìyá mi sún mọ́ ojú ẹ̀rọ, ó ní kó fi ìka tọ́ka sí Èkó fún òun, kí òun fojú ara òun rí i pé ibẹ̀ ló wà lókè. Obìnrin náà tọ́ka sí i. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún wa lórí ìwé, ìyá mi ká a, ó fi sí inú pọ́ọ̀sì rẹ̀.

Nígbà tí a jáde, ọ̀kadà pọ̀ lójú títì. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú láti fi sọdá, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi tí mo ti ga jù ú lọ. A sọdá tán, kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Mo ṣì fẹ́ kí o dúró," ó ní.

Mo ní, "Mo mọ̀, Màámi."

A rìn dé ṣọ́ọ̀bù, a jọ ṣí i.